Ọmọ Tó Kọ̀ Láti Wọ Ọkọ̀: Ìtàn Eré Orí Omi, Bẹ́líìtì àti Ẹ̀rù

 Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ bu omi tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìtàn ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ la ó fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ọlidé ọdún tó kọjá, a kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa níbí ní Texas lọ sí páàkì ìgbafẹ́ kan. A ò ní dárúkọ páàkì náà, torí kì í ṣe láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́ la ṣe ń kọ̀wé. Bọ́ọ̀sì méjì la gbà. Àwọn ìyá ìjọ ti se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, wọ́n sì ti gbàdúrà sí táyà kí a tó gbéra. Nígbà tó di ọ̀sán, tí oòrùn ń ta gidi, gbogbo wa lọ tò síbi ọkọ̀ orí omi kan, irú èyí tí ẹ̀rọ máa ń fà gun òkè, tí yóò wá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú adágún, tí omi á sì fọ́n sí gbogbo ènìyàn lára. Ó tó wákàtí kan tí a fi tò. Nígbà tó wá kàn wá, ọmọkùnrin kan láàárín wa, ọmọ ọdún 11, dúró gbọin. Ó ní òun ò wọ̀ ọ́.

Ẹ kúkú mọ̀ wá. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Odidi ọkùnrin bíi tìẹ!" Màmá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń lé ẹ̀mí ìbẹ̀rù. Àwa náà tí a jẹ́ àgbà ibẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sétí ọmọ náà, a rán an létí ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì nípa ẹ̀mí ìbẹ̀rù. A sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà nira fún ọmọdé. Ó nu ojú rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó síwájú wa.

Ìgbà tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè pátápátá ló tó yíjú sẹ́yìn. Ó ní, "Daddy, bẹ́líìtì yìí ò há. Mo rí i nígbà tí àwọn tó ṣáájú wa ń bọ́ sílẹ̀, ó ń ṣí fúnra ẹ̀." A nawọ́, a fà á. Ó ṣí sí wa lọ́wọ́.

Àyè kò sí mọ́ láti pe ẹnikẹ́ni. A fi apá méjèèjì wé ọmọ náà mọ́ àyà, a fi orúnkún dì í mú, ọkọ̀ já wálẹ̀. Ẹ bá wa yin Olúwa, ohunkóhun kò ṣe é. Omi kàn rin ín gbingbin ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa gbọ̀n títí a fi délé. Òṣìṣẹ́ tí a fi ẹjọ́ sùn wo bẹ́líìtì náà, ó ní ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì.

Ẹ̀yin ará, ọmọ náà kò ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù kankan. Ojú ló ní. Ó rí ohun tí àwa àgbà kò wò. Ó ń gbìyànjú láti sọ fún wa, àwa sì ń bá a wí. Láti ọjọ́ náà la ti ń ka ìtàn àwọn eré orí omi wọ̀nyí: báwo ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni bẹ́líìtì wọ inú wọn, kí ló sì mú un wọlé. Ohun tí a rí nínú ìtàn náà la fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1875. Nítòsí òkè Sierra Nevada, níhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n ń wa fàdákà nínú ilẹ̀, wọ́n sì nílò gẹdú púpọ̀ láti fi gbé ihò náà ró. Orí òkè ni igi wà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó. Wọ́n wá fi pákó kan ọ̀nà omi gígùn kan tó rí bí lẹ́tà V, wọ́n da omi sínú rẹ̀ láti òkè, gẹdú á sì máa bá omi sáré wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Òkò Bàbá ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti máa ń fi omi ọ̀sà gbé ìtì igi wá síbi tí wọ́n ti ń là á tẹ́lẹ̀, ọgbọ́n kan náà ni, àfi pé ti òkè yẹn ń já ṣòòrò bí ẹni ń bọ́ láti orí àjà.

Gẹdú ni wọ́n ṣe é fún o, wọn ò ṣe é fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1875 yẹn, méjì nínú àwọn ọlọ́rọ̀ tó ni ọ̀nà omi náà, James Flood àti James Fair, pinnu pé àwọn á gùn ún wálẹ̀. Wọ́n ní kí akọ̀ròyìn New York Tribune kan, H. J. Ramsdell, bá àwọn lọ. Ohun tí wọ́n jókòó sí dà bí ọpọ́n oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Nǹkan bíi máìlì 15 ni wọ́n fi ìṣẹ́jú 35 sá wálẹ̀. Omi lù wọ́n, pákó gbá wọn, ara gbogbo wọn bó. Nígbà tí wọ́n délẹ̀, àwọn ọlọ́rọ̀ méjèèjì búra pé àwọn ò tún dán an wò mọ́ láé.

Ohun tó dùn wá jù nínú ìtàn yẹn ni ìdí tí akọ̀ròyìn náà fi wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù bà á. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ìrònú òun ni pé, bí àwọn tó lówó tó báyìí bá lè fi ẹ̀mí wọn wewu, ti òun ò tó nǹkan. Ẹ gbọ́ bí? Kò yẹ pákó wò. Kò bi àwọn káfíńtà léèrè ohunkóhun. Ojú àwọn ènìyàn ńlá ló wò, ó sì wọlé. Ìgboyà àyálò ni. Irú ìgboyà yẹn gan-an la fi ti ọmọ ọdún 11 wọnú ọkọ̀: "Pásítọ̀ ti wọ̀ ọ́, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Ní ọdún 1875 kan náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Boyton wọ aṣọ rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú, ó fi léfòó sọdá omi òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ yíyọ àwọn tó ń rì sínú omi lókun ni Boyton ti ṣe tẹ́lẹ̀, aṣọ tó wọ̀ náà sì wà fún ìdáàbòbò ẹ̀mí. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn.

Ní 1884, ní Rock Island ní ìpínlẹ̀ Illinois, ẹnì kan tó ń jẹ́ J. P. Newburg ṣe ọ̀nà onípákó kan láti orí òkè wá sínú odò. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ló ń gba ibẹ̀ yọ̀ wálẹ̀, tí yóò fò sórí omi bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù sójú odò. Boyton rí i pé owó wà níbẹ̀. Ó kọ́ tirẹ̀ sí Chicago ní 1894. Ní 1895 ó kọ́ Sea Lion Park sí Coney Island ní New York, ó mọ ògiri yí i ká, ó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Láti ibẹ̀ ni eré náà ti tàn káàkiri Amẹ́ríkà àti ìlú òyìnbó mìíràn.

Kò sí bẹ́líìtì nínú àwọn ọkọ̀ yẹn. Bẹ́ńṣì gbalasa ni, ènìyàn á di etí ọkọ̀ mú, awakọ̀ kan á sì dúró gangan lẹ́yìn, yóò máa tọ́ ọkọ̀ sọ́nà tí wọ́n bá ti bọ́ sórí omi. Àwọn obìnrin á di fìlà wọn mú. Ṣé ẹ rí i pé ọkùnrin tó fi aṣọ ìdáàbòbò di olókìkí lẹ́ni tó sọ eré tí kò ní ìdáàbòbò di òwò? A ò sọ pé ènìyàn burúkú ni. Ohun tí ojú ayé ìgbà náà mọ̀ nìyẹn.

Àti pé wọ́n ní ìdí. Ọkọ̀ ojú omi ni, bẹ́ẹ̀ ohun tó máa ń ba ènìyàn lẹ́rù nínú ọkọ̀ ojú omi ni kó dojú dé. Tí o bá so ara rẹ mọ́ ọkọ̀ tó dojú dé, o rì nìyẹn. Ẹ̀rù omi ló lé bẹ́líìtì jáde nínú eré yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe àìbìkítà nìkan. Bí òkè náà kò bá ga jù, tí ọ̀nà náà kò sì ṣòòrò jù, ìwọ̀n ara ènìyàn tó láti mú un jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí Six Flags Over Texas, níbí ní Arlington, ṣí eré ìtì igi tiwọn ní 1963. El Aserradero ni wọ́n pè é, èdè Sípéènì fún ibi tí wọ́n ti ń la igi. Ilé-iṣẹ́ Arrow Development láti Kalifóníà ló ṣe é. Ọgbọ́n àwọn agégẹdú ọjọ́sí ni wọ́n mú, wọ́n sọ ọ́ di eré: ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ bí ìtì igi, omi tó ń sáré nínú kòtò, òkè kan, ìjábọ́ kan. Àwọn ènìyàn jókòó tẹ̀lé ara wọn, ọmọ láàárín ẹsẹ̀ bàbá, ìyàwó láàárín ẹsẹ̀ ọkọ. Orúnkún ẹni tó wà lẹ́yìn ni bẹ́líìtì. Ní 1980, AstroWorld ní Houston mú ọkọ̀ róbótó jáde, èyí tí ń yí bírí bírí nínú omi tó ń ru bí odò àpáta. Àwọn ará ibí tó ti pẹ́ ní Houston ṣì máa ń rántí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà ni ìgbà tí àwọn páàkì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn díje lórí ta ni tirẹ̀ ga jù. Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ nìyí. Ẹni tó bá ti wọ dánfó rí mọ̀ pé, tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ búrèkì lójijì, ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ìwọ ń lọ síwájú. Ara kì í fẹ́ yí ìrìn rẹ̀ padà. Nígbà tí ọkọ̀ omi bá yọ sórí òkè, tó wá dorí kodò lójijì, ọkọ̀ ti lọ sísàlẹ̀, ara rẹ ṣì fẹ́ máa lọ síwájú lófuurufú. Ìdí nìyẹn tí ikùn fi máa ń dà bíi pé ó gòkè. Ìdí rẹ ti fẹ́ kúrò lórí ìjókòó. Tí ọkọ̀ bá tún délẹ̀ tó kan omi, omi gbá a mú bíi búrèkì, ara rẹ tún ń lọ síwájú. Ní orí òkè kékeré, nǹkan yìí kò ju ẹ̀rín lọ. Ní orí òkè gíga, ohun tó ń dì ọ́ mú ló dúró láàárín ẹ̀rín àti ọ̀fọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, páàkì Knott's Berry Farm ní Kalifóníà ṣí ọkọ̀ omi kan tí wọ́n pè ní Perilous Plunge. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 115, ìjábọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gangan bí ògiri. Bẹ́líìtì wà níbẹ̀, irin tó ń tẹ itan náà wà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, obìnrin kan tó sanra já bọ́ látinú rẹ̀, ó sì kú. Bẹ́líìtì rẹ̀ wà lára rẹ̀ nígbà tó wọlé. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé irú ìdè tó wà níbẹ̀ kò lè di irú ara bẹ́ẹ̀ mú. Wọ́n ti eré náà pa, wọ́n ṣe àwọn ọkọ̀ tuntun, wọ́n fi ìdè tó gba èjìká kọjá sí i, kí wọ́n tó tún un ṣí ní 2002. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bẹ́líìtì kì í ṣe ohun tí a kàn ń wò pé ó wà. Ṣé ó bá ara ẹni tó wọ̀ ọ́ mu? Ìwọ̀n aṣọ ẹnìkan kì í ṣe ìwọ̀n ẹlòmíràn.

Ẹ̀rù náà lè pa ènìyàn bí kò bá rí ibi gbà jáde. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, ní Splash Mountain tó wà ní Disney ní Florida nígbà náà, ọkùnrin kan tó ní ara òun ò yá gbìyànjú láti bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbá a, ó sì kú. Ẹni tí ẹ̀rù tàbí àìsàn bá mú lórí omi kò yẹ kó dá nìkan ṣèpinnu. Kí wọ́n tó wọlé ló yẹ kí ọ̀nà àbájáde wà, kí ojú má sì tì í láti gbà á.

A wá dé ibi tó wúwo jù. Ní Kansas City, ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2014, páàkì Schlitterbahn ṣí ọ̀nà yíyọ̀ orí omi kan. Verrückt ni wọ́n sọ ọ́, ọ̀rọ̀ Jámánì tó túmọ̀ sí "wèrè". Ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 168. Ó ga ju ìṣàn omi Niagara lọ, òun ló sì ga jù láyé nígbà náà. Àtẹ̀gùn 264 ni ènìyàn máa gùn kó tó débẹ̀. Ẹni mẹ́ta ń jókòó tẹ̀lé ara wọn nínú ọkọ̀ rọ́bà, ìwọ̀n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín pọ́n-ùn 400 sí 550. Wọ́n á já wálẹ̀, ìsáré yẹn náà ló sì máa gbé wọn gun òkè kejì.

Òkè kejì yẹn ni ìṣòro wà. Nígbà tí wọ́n ń fi àpò yanrìn dán an wò, àwọn ọkọ̀ kan fò kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n sún ọjọ́ ìṣísílẹ̀ síwájú, wọ́n tún apá kan kọ́, wọ́n ta àwọ̀n sókè ọ̀nà náà, wọ́n sì fi irin tí wọ́n tẹ̀ bí òṣùmàrè gbé àwọ̀n ró. Kí ni wọ́n wá fi di ènìyàn mọ́ ìjókòó? Okùn tó ń lẹ̀ mọ́ra, irú èyí tó wà lára bàtà àwọn ọmọ wa.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2016, ọjọ́ Sunday ni. Páàkì náà pe àwọn aṣòfin àti ìdílé wọn wá ṣeré. Ọmọ aṣòfin kan, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 10, jókòó síwájú ọkọ̀, àwọn obìnrin méjì tí kò mọ̀ rí jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà fúyẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ wúwo. Ní òkè kejì, ọkọ̀ fò sókè, ó bá irin tó gbé àwọ̀n ró. Ọmọ náà kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì farapa. Ohun tí wọ́n fi síbẹ̀ láti gba ènìyàn là lọ́wọ́ fífò ló di ohun tó ṣekú pa á.

Ìjọba fẹ̀sùn kan àwọn tó ni ín àtàwọn tó ṣe é ní 2018, ṣùgbọ́n ní 2019 adájọ́ da ẹjọ́ náà nù nítorí bí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ṣe gbé e kalẹ̀. A ò lè jẹ́ adájọ́ lẹ́yìn adájọ́. Wọ́n ti wó ọ̀nà náà palẹ̀ ní 2018. Ohun tí a lè sọ ni pé láti 1981 ni òfin Amẹ́ríkà ti yọ ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ kúrò lórí àwọn eré tó dúró sójú kan ní páàkì. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, òfin Kansas nígbà náà sì jẹ́ kí páàkì máa ṣètò àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Ní 2017, nígbà tí wọ́n gbé òfin tuntun wá, bàbá ọmọ náà dìde láàárín àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Òfin náà kọjá. Ẹ wo iye tí wọ́n fi ra òfin yẹn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ikú ọmọ yẹn, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2016, ní páàkì Dreamworld ní Australia, ọkọ̀ róbótó kan nínú eré tó ti wà láti 1986 há nítorí pé ẹ̀rọ tó ń fa omi kú, omi sì fà. Ọkọ̀ mìíràn rọ́ lù ú, ó dìde dúró. Àgbàlagbà mẹ́rin kú, àwọn ọmọdé méjì yè. Ẹ̀rọ omi yẹn ti kú lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú lọ́jọ́ kan náà. Bọ́tìnnì kan wà tó lè dá eré náà dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀ kò mọ ohun tó wà fún. Ìwádìí ilé ẹjọ́ tó jáde ní 2020 sọ pé fún 30 ọdún, kò sí onímọ̀ ẹ̀rọ kankan tó jókòó yẹ ewu eré náà wò láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 3.6 dọ́là Australia lé ilé-iṣẹ́ náà. Níbẹ̀ yẹn, bẹ́líìtì wà o. Bẹ́líìtì kọ́ ni wọ́n ṣaláìní. Ẹni tó máa gbọ́ ìkìlọ̀ ni kò sí. Ẹ̀rọ ti kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹ má bàa rò pé ìtàn ikú nìkan ni, iṣẹ́ rere ti wáyé. Láti 1978 ni ìgbìmọ̀ kan ti wà ní Amẹ́ríkà lábẹ́ àjọ ASTM tó ń kọ ìlànà fún eré páàkì. Lónìí, ìpele márùn-ún ni wọ́n pín ìdè ìjókòó sí, gẹ́gẹ́ bí eré náà ṣe ń gbá ara síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìpele 1 kò nílò ìdè rárá. Ìpele 5 ní láti ti ara rẹ̀ pa fúnra rẹ̀, kí ẹni tó jókòó má lè ṣí i, kí ìtìpa kejì sì wà tí ti àkọ́kọ́ bá kùnà. Tí òṣìṣẹ́ bá dá ọmọ rẹ padà nítorí gíga, kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ. Irin tó wà níbẹ̀ kò lè di ọmọ kékeré mú, ìyẹn ni.

Ẹ̀yin ará, nínú gbogbo ìtàn yìí, ohun kan ṣoṣo ló ń padà wá. Ẹ̀rù máa ń béèrè ìbéèrè. Níbi tí ẹnì kan bá ti dúró dá a lóhùn, tó tẹ̀ bá bẹ́líìtì, tó wọn ọmọ, tó dá ẹ̀rọ dúró, ẹ̀mí ò lọ. Níbi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rín, ariwo tàbí orúkọ ńlá bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀, ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti padà ń dá a lóhùn.

Àwa oníwàásù sì ń ṣe èyí ju àwọn onípáàkì lọ. A máa ń pe gbogbo ẹ̀rù ní àìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Deuteronómì orí 22 ẹsẹ 8. Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun pé kó mọ ògiri kékeré yí òrùlé ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn onílé. Ọlọ́run tó ń gbani là ló pàṣẹ kí wọ́n mọ ògiri! Òrùlé wọn ni wọ́n ti ń gba afẹ́fẹ́, tí wọ́n ti ń ṣeré, kò sì ní kí wọ́n má gun òkè mọ́. Ó ní kí wọ́n ṣe ìdènà. Ẹ sì lọ wo Mátíù orí 4: ta ló ní kí Jésù fò wálẹ̀ láti orí tẹ́ḿpìlì, tó tún fi Ìwé Mímọ́ ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn? Olúwa wa kọ̀, kò fò. Ẹnikẹ́ni ò lè pè é ní ojo.

Ó dun àwa gan-an pé Ìwé Mímọ́ la fi ti ọmọ yẹn wọnú ọkọ̀ tí kò tì.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu wa pé ẹ má gbé ọmọ lọ ṣeré mọ́. Àìmọye ènìyàn ló ń wọ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí lójoojúmọ́ tí wọ́n ń padà sílé láyọ̀. Ohun tí a ń sọ ni èyí:

1. Fi ọwọ́ ara rẹ fa bẹ́líìtì ọmọ rẹ àti irin orí itan rẹ̀. Tí ó bá mì, gbé ọwọ́ sókè, pe òṣìṣẹ́, má sì jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra.

2. Má ṣe yí gíga ọmọ padà. Kò sí bàtà olókè, kò sí ìrun tí a dì sókè. Ọ̀pá ìwọ̀n kì í ṣe ọ̀tá rẹ.

3. Jókòó síbi tí òṣìṣẹ́ bá fi ọ́ sí. Ìwọ̀n iwájú àti ẹ̀yìn ní ìdí.

4. Bí ara ò bá yá ọ lójú ọ̀nà, pariwo, ju ọwọ́, ṣùgbọ́n má bọ́ sílẹ̀ àfi tí wọ́n bá dá a dúró.

5. Bí ọmọ bá ní òun ò wọ̀ ọ́, bi í pé, "Kí lo rí?" Dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò rí nǹkan kan, gíga nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Ìyẹn náà dára. Ẹnu ọ̀nà ìpadà máa ń wà níbẹ̀, ẹ bá a gbà á, kí ẹ ra áísìkiriìmù jẹ.

Ní Sunday tó tẹ̀lé ìrìn-àjò náà, a pe ọmọ yẹn jáde síwájú ìjọ. A ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, a sì ti bi òun náà. A sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà kan ò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní pásítọ̀ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. A ò dọ̀bálẹ̀ o, a kàn sọ òtítọ́ ni. Màmá rẹ̀ sunkún. Òun alára kò sọ púpọ̀. Ó ní, "Ó ti tán, Daddy."

Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, nígbà tí bọ́ọ̀sì ìjọ fẹ́ gbéra lọ sí ìpàgọ́, a rí i tó ń rìn láàárín ìjókòó, tó ń fa bẹ́líìtì àwọn ọmọ kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó dúró, ó wo àyà wa. A ò tíì di tiwa. A yára fà á, a tì í, ó dún kọ́. Ó mi orí, ó lọ jókòó.

Kí Olúwa má jẹ́ ká fi ẹnu wa pa ìkìlọ̀ tó rán sí wa. Kí ó fún wa ní etí tó ń gbọ́ ọmọdé. Kí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ má sùn lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó tu àwọn òbí tó lọ síbi eré tí wọn ò mú ọmọ padà wálé nínú. Àmín.

Bí ẹ bá mọ òbí tàbí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé tó fẹ́ kó ọmọ lọ sí páàkì lọ́lidé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí wọn.  Olúwa á wà pẹ̀lú yín.